Igógo: Ọdún Tí Ọba Ń Di Irun, Tí Ìlù Kì Í Dún

Tí oṣù September bá wọlé, àwọn onílù Ọ̀wọ̀ á gbé ìlù wọn kọ́. Kì í ṣe pé òde ti tán nílùú, kì í sì í ṣe pé ọlọ́pàá ló fòfin dè wọ́n. Igógo ló dé. Fún ọjọ́ 17, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu ìlù nígboro, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yìnbọn. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè. Agogo onírin nìkan ló láṣẹ àtidún, òun náà ni wọ́n sì ń jó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ ìlú náà. Ọdún wo la fẹ́ ṣe tí a kò ní gbọ́ ìlù? Níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìlù ló ń ṣáájú ẹṣin. L'Òṣogbo, ìlù ni wọ́n fi ń sin Arugbá lọ sódò. Eégún tí kò bá rí onílù, ilé ni yóò padà sí. Ní Ọ̀wọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ìlù gan-an ló ń sọ fún àlejò pé ọdún ti dé. Ẹni tó sì ronú kan ọ̀fọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, nítorí pé obìnrin kan tó bínú kúrò nílé ọkọ tí kò sì padà mọ́ ni gbogbo ìlú ń tù lójú.

Ọ̀wọ̀ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 50 sí Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Benin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun kò gbọ́ orúkọ ìlú náà rí àfi ní ọjọ́ 5 oṣù June ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì St Francis, tí wọ́n sì pa bíi 40 ènìyàn. Ó dunni pé ohun tó kọ́kọ́ ń jáde nìyẹn bí ènìyàn bá tẹ orúkọ Ọ̀wọ̀ sórí fóònù, torí pé ìlú tó ti gbajúgbajà nídìí iṣẹ́ ọnà kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni. Ìsùadà, Ìpele, Èmùrè-Ilé, Ùsò àti Ìyẹrè wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Lápá kejì ni ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ wà, níbi tí Ìfọ̀n àti Ìdó-Àní ti ní ọba tiwọn. Obìnrin Ìsùadà tó bá gbé ẹrù lọ sí Ọjà Ọba lásìkò Igógo kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Kó tó wọ ìgboro ni gèlè rẹ̀ á ti wà nínú àpò.

Bí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ṣe ń kà á, ọ̀rọ̀ náà ti lé ní 600 ọdún. Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ó fẹ́ arẹwà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀rọnsẹ̀n, kò sì mọ̀ pé òrìṣà lòun mú wálé. Obìnrin náà ní èèwọ̀ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ru igi ìdáná bọ̀ láti oko kò gbọdọ̀ sọ ọ́ mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Wọn kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níbi tó bá wà. Kábíyèsí gbà, ó sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé.

Ẹ wo irú èèwọ̀ tó jẹ́. Kò ní kí wọ́n má jẹ ẹran kan, kò ní kí wọ́n má wọ aṣọ kan. Ilá, igi àti omi: iṣẹ́ tí obìnrin ilé ń ṣe láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ààfin tí olorì ti pọ̀ bí èrò ọjà, ta ni yóò máa wo ẹ̀yìn wò kó tó da omi ìṣanwọ́ nù? Ohun ìjà ti wà lọ́wọ́ gbogbo orogún kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjà náà kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. Ọba fẹ́ràn Ọ̀rọnsẹ̀n ju àwọn yòókù lọ, inú bí wọn. Lọ́jọ́ kan tí kábíyèsí kò sí nílé, wọ́n lọ ilá, wọ́n sọ ìdì igi mọ́lẹ̀ gbì, wọ́n da omi sí àgbàlá. Ọ̀rọnsẹ̀n dìde, ó jáde, ó kọrí sí igbó. Àwọn ará ààfin sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, wọ́n bá a lọ́nà, ṣùgbọ́n kò yí ẹsẹ̀ padà. Ugbó Lájà ni wọ́n ń pe ibi tí ọ̀já orí rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀, ó wọ Igbó Olúwa, níbẹ̀ ni wọ́n ní ó ti di òkúta. Kó tó di bẹ́ẹ̀, ó pàṣẹ kí wọ́n máa ṣe ìrántí òun lọ́dọọdún. Ẹlòmíràn á sọ ìtàn náà lọ́nà mìíràn, pàápàá lórí bí àwọn orogún ṣe rí ọ̀nà gbé e gbà, ṣùgbọ́n ilá, igi àti omi kì í yẹ̀ nínú rẹ̀. Fìlà àti gèlè tí kò gbọdọ̀ wà lórí ẹnikẹ́ni lásìkò Igógo, obìnrin tó pàdánù ọ̀já orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń bá kẹ́dùn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbọ́ ìtàn ìyàwó tó di òkúta tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1971, Ekpo Eyo gbé ṣọ́bìrì wọ Ugbó Lájà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di olórí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀mọ̀wé tó mọ̀ pé ilẹ̀ ibi tí àwọn baba ńlá bá yà sọ́tọ̀ kì í ṣófo. Ère amọ̀ sísun ló bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fọ́. Orí ènìyàn wà nínú wọn tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kún ojú wọn bíi ti Ilé-Ifẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn kan wà tó di ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́nu. Apẹ̀rẹ̀ kan wà tí orí ènìyàn kún inú rẹ̀. Ẹni tó mọ ère náà mọ̀ ọ́n mọ, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn yóò fẹ́ gbé sí pálọ̀.

Èédú tí wọ́n hú pẹ̀lú àwọn ère náà ni wọ́n fi díwọ̀n ọjọ́ orí wọn. Nǹkan bí ọdún 1435 ló bọ́ sí, kó lé tàbí kó dín ní ọdún 65. Èyí kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀rọnsẹ̀n sáré gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti ń rúbọ ní Ugbó Lájà láti nǹkan bí ọdún 1400 sí 1500, àti pé ìtàn tí àwọn ìyá àgbà ń pa fọ́mọ kò ṣi ibẹ̀ nà. Ní 1980, àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà wọ bàálù lọ sí ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà fún àfihàn ńlá kan, tí ère amọ̀ Ọ̀wọ̀ sì wà lára wọn. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ wọ́n wò rí ọwọ́ Ifẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì rí ọwọ́ Benin. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Àárín ìlú méjèèjì ni Ọ̀wọ̀ jókòó sí.

Bí ọdún náà ṣe ń lọ nìyí. Àwọn ìjòyè Ìlórò, àdúgbò tí ètùtù Igógo wà níkàáwọ́ rẹ̀, ló ń ṣí i pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní Ùpélì, èyí tó ń gba ọjọ́ 12. Wọ́n á fi aṣọ funfun ró ara, wọ́n á di irun wọn, wọ́n á máa lu agogo yí ìlú ká. Ìgbà náà ni wọ́n tún ń dúpẹ́ iṣu tuntun. Àwọn ètò mìíràn wà láàárín tó jẹ́ ti ojúbọ, tí kì í ṣe fún àlejò, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Ọjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń retí ni ọjọ́ tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ bá jáde. Irun orí rẹ̀ ti di dídì bíi ti obìnrin, wọ́n ti fi iyùn sí i, ìyẹ́ funfun dúró lórí rẹ̀. Iyùn kún ọrùn, ó kún àyà, ó kún ọwọ́. Aṣọ tó wọ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ bíi yẹ̀rì, tó bá ti yí, aṣọ náà á yí pẹ̀lú rẹ̀. Ó mú idà lọ́wọ́. Agogo ń dún, kábíyèsí ń jó lọ sọ́jà, àwọn ìjòyè tò tẹ̀lé e, gbogbo orí tó wà lójú títì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá mọ bí iyùn ṣe wúwo á mọ̀ pé kì í ṣe eré lọba ń ṣe. Láti ọdún 2019 tó ti gorí ìtẹ́, Ọba Ajíbádé Gbádégẹṣin Ògúnoyè Kẹta ló ń ru ẹrù náà.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò ọba tó di irun máa ń kó àwàdà jọ. Àwọn tó ń ṣe àwàdà náà kò ronú jìnnà. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń di irun bíi ìyàwó, kò sì sí ẹni tó ń pè é lóbìnrin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin tí òrìṣà bá gùn, ìyàwó òrìṣà ni, irun rẹ̀ ló sì fi ń hàn bẹ́ẹ̀. Ti Ọ̀wọ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Ọba kan kò lè dáàbò bo àdéhùn tó bá ìyàwó rẹ̀ ṣe, gbogbo ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló wá ń fi orí ara wọn san án. Ọkùnrin tó lágbára jù nílùú ló ń gbé ìrísí obìnrin tó bínú kúrò náà wọ̀, lójú gbogbo ayé, kó lè bẹ̀ ẹ́. Ìlú mélòó ló lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ ọba rẹ̀?

Fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, ara ọba lọ́jọ́ náà ni ibi tó yẹ kó wò. Ọ̀wọ̀ jẹ́ ìlú agbẹ́gilére, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń fín eyín erin. Ti eyín erin yìí ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde sáyé. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ dáńtọ́ débi pé Benin gan-an lo iṣẹ́ wọn, fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn òyìnbó sì fi ń kọ Benin sára ohun tí ọmọ Ọ̀wọ̀ fín. William Fagg ti British Museum wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Lónìí, ẹ̀gbà ọwọ́ àti àwo olómọrí tí wọ́n fín ní Ọ̀wọ̀ wà nínú gíláàsì ní Lọ́ńdọ̀n àti New York. Rowland Abiodun, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amherst ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní yé ẹni tí kò bá gbọ́ oríkì àti ọ̀rọ̀ tó bá a rìn.

Àwọn ìjòyè ní aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní òrùfànràn. Aṣọ pupa ni, wọ́n gé e léraléra bí ìpẹ́ akika, wọ́n so ère kéékèèké tí wọ́n fi eyín erin tàbí idẹ ṣe mọ́ ọn. Aṣọ ológun ni, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè rìn kí ara rẹ̀ má dún. Idà ayẹyẹ tí wọ́n ń pè ní ùdàmalore wà fún ọba àti fún ìjòyè tó bá jẹ́ ọmọ ilé ńlá. Eyín erin ni wọ́n fi ṣe àwọn tó dára jù nínú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òmíràn. Ìtàn Ọ̀wọ̀ sọ pé ọmọ ọba kan tó dàgbà sí Benin, tó sá padà wálé láti wá jẹ Ọlọ́wọ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọ̀ṣogbóyè, ló kó púpọ̀ nínú ìmúra ààfin Benin wálé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wá láti Ìbàdàn á fi wo ààfin Ọ̀wọ̀ tí yóò máa rò pé Benin lòun dé.

Àwọn obìnrin ní ti aṣọ híhun. Òfì tiwọn kì í ṣe èyí tí ọkùnrin ń jókòó nà lọ gbọọrọ bíi ti Ìsẹ́yìn. Ìdúró ni, wọ́n ń gbé e ti ògiri nínú ilé, aṣọ tó sì ń ti inú rẹ̀ jáde fẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní sẹ̀ghọsẹ̀n ló lókìkí jù, aṣọ iyì tí ènìyàn ńlá fi ń ṣòde, tí wọ́n sì ń mú jáde níbi ìsìnkú àgbà. Òwú rẹ̀ gba sùúrù, iṣẹ́ rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọmọbìnrin tó ń lọ sí Polytechnic Rufus Giwa nínú ìlú náà lè rí sẹ̀ghọsẹ̀n lára ìyá rẹ̀ àgbà, kó má sì mọ ẹnikẹ́ni tó lè kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń hun ún. Nínú gbogbo ohun tí ọdún yìí gbé ró, iṣẹ́ ọwọ́ ló tètè lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Èèwọ̀ kò náni ní owó. Ènìyàn kàn ní láti ṣí fìlà. Òwú àti eyín erin kò rí bẹ́ẹ̀. Eyín erin tiẹ̀ ti di ohun tí òfin àgbáyé lòdì sí títà rẹ̀.

Ààfin náà kò kéré. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ máa ń yangàn pé kò sí ààfin tó tóbi tó o ní Áfíríkà, wọ́n sì ń ka ùghà tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àgbàlá, tó 100. Ùghà kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti òrìṣà tó ń gbé e. Ní ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Láti 1968 ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà nílùú láti gba ohun tí wọ́n ń tọ́jú nínú ààfin tẹ́lẹ̀. Àlejò tó bá wá fún Igógo ṣe dáadáa bó bá kọ́kọ́ yà síbẹ̀, nítorí pé ohun tó rí nínú àpótí lọ́jọ́ Ajé, ó lè rí èkejì rẹ̀ lára ìjòyè lọ́jọ́ ìjáde.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí ọdún bẹ́ẹ̀ báyìí tí gbogbo ìlú ń wá arìnrìn-àjò afẹ́? Ọdún ìbílẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní August 2023, ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ojúde Ọba ti di ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń du láti fi orúkọ wọn sí. Owó wà níbẹ̀, oníṣòwò Ọ̀wọ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Wàhálà tó wà nínú ti Igógo ni pé ohun àkọ́kọ́ tí onígbọ̀wọ́ máa ń gbé wá ni pèpéle, ẹ̀rọ amóhùnbúgbàù àti olórin. Ṣé ìlù tó ń ti inú ẹ̀rọ DJ jáde, ìlù ni àbí kì í ṣe ìlù? Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn àgbà Ìlórò dáhùn ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọtí. Igógo tí wọ́n bá fi dùùrù àti gángan sí, òde lásán ni, irú rẹ̀ sì pọ̀ káàkiri.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ayé fi lè mọ̀ ọ́n. Ní 2003 ni àjọ UNESCO ṣe àdéhùn láti máa dáàbò bo àṣà tí kì í ṣe ilé tàbí ère, àwọn nǹkan bí ijó, ọdún, ìtàn àti ọgbọ́n ọwọ́. Nàìjíríà buwọ́ lù ú ní 2005. Látìgbà náà, Ifá ti wọ inú ìwé wọn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wọ̀ ọ́ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, ọdún ẹja pípa Argungu wọ̀ ọ́ ní 2016, ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ tẹ̀lé e ní 2023, Durbar Kano sì wọ̀ ọ́ ní 2024. Orúkọ Igógo kò tíì sí níbẹ̀.

Ìwé tí UNESCO ń béèrè kò pọ̀ ju ohun tí ìlú kan lè ṣe lọ. Wọ́n fẹ́ fọ́tò 10 àti fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Wọ́n fẹ́ àlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe láti rí i pé àwọn ọmọ kọ́ ọ, wọ́n sì fẹ́ ẹ̀rí pé àwọn tó ni àṣà náà fọwọ́ sí i láìsí ipá. Òfin wọn gbà pé kí ìlú fi apá kan pa mọ́ bí ó bá jẹ́ awo. Àwọn tó bá fẹ́ gbé Igógo débẹ̀ ní láti kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìjòyè Ìlórò, kí wọ́n béèrè ibi tí kámẹ́rà lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá àwọn ìyá tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń ta òwú sẹ̀ghọsẹ̀n, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìsùadà àti ní gbogbo àyíká, kí wọ́n sì fún wọn ní ọmọ tí wọn yóò kọ́.